Fàyàwọ́ Kọ́

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fún ọdún mélòó kan kí àwa fúnra wa tó mọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni trafficking. Èkejì ni smuggling. Àwọn méjèèjì ń sọ nípa gbígbé ẹrù tàbí ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn ní ọ̀nà tí òfin kọ̀. Ìwé atúmọ̀ kékeré tó wà lórí tábìlì wa fi « trafic » sí iwájú ti àkọ́kọ́, ó fi « contrebande » sí iwájú ti èkejì, ó sì dákẹ́. Àwa náà dákẹ́ síbẹ̀. A máa ń sọ fún kíláàsì pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn ọ̀rọ̀ náà, pé ẹni tó bá fi ọ̀kan dípò èkejì nínú ìdánwò BEPC kò ní pàdánù ju ìdajì máàkì lọ. A ṣì wọ́n lọ́nà. Ohun tí a fẹ́ kọ síhìn-ín ni bí a ṣe mọ̀ pé a ṣì wọ́n lọ́nà, àti ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó àṣìṣe náà.

Koussountou tí a ti ń kọ́ni wà ní agbègbè Tchamba, níhà ibi tí ilẹ̀ Tógò ti kan ilẹ̀ Bénin. Ọmọ tó bá jókòó níwájú wa ní kíláàsì ti lè máa gbọ́ èdè Kusuntu ní agboolé, Akaselem ní ọjà Tchamba, àti Tem, tí àwọn mìíràn ń pè ní Kótókólì, nínú ọkọ̀ Sokodé, kí ó tó kan Faransé tí ìjọba fi ń kọ́ ọ. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá ti Kambolé wá, èdè tiwa ni ó fi mu ọmú, nítorí pé ẹbí Yorùbá ni èdè Kambolé, bí a tilẹ̀ ń fi ohùn kan sọ ọ́ tí ará Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ tẹ́tí sí kí ó tó dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì wá di èdè kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Èdè kò wọ́n àwọn ọmọ wa. Ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n kí ó bá wọn gbé ọ̀rọ̀ kan lé orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú èkejì ni kò sí.

Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì cinquième wa kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi ńlá. Àyè rẹ̀ ṣófo ní oṣù kẹwàá, ó ṣì ṣófo ní oṣù kìíní. Nígbà tí a bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. A kò ní parọ́: àwa náà kò ṣe ju pé a fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpè lọ. Ìlà pupa bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ní ọdún kan.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà kí ó tó padà dé. Àwọn kan ti rí i ní Nàìjíríà lójú ọ̀nà, òun nìkan, ó ń ti kẹ̀kẹ́ kan. Wọ́n fà á lé àjọ aláàánú kan lọ́wọ́, àjọ náà fà á lé òmíràn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, títí a fi mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá a wá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Lomé, tó gbọ́ Ewé àti Faransé, tí kò gbọ́ èdè Kambolé. Bàbá ọmọ náà gbọ́ èdè Kambolé. Faransé rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń ná ọjà lọ. Ìwé tó ti Nàìjíríà tẹ̀lé ọmọ náà wá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá. A wọ ẹ̀wù tó dára lọ, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ìlú ń nílò Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ ní yunifásítì.

Ìbéèrè kan wà ní ojú ewé kejì. Ó ń bèèrè bóyá trafficking ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, tàbí smuggling. Ààyè méjì sì wà níbẹ̀ tí a ó ti fi àmì sí. A ronú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wá sí wa lẹ́nu fún àwọn méjèèjì.

— Bàbá, wọ́n ní kí a bi yín: ṣé wọ́n fi ọmọ yín ṣe fàyàwọ́ ni?

Ó wò wá títí.

— Olùkọ́, ẹ má bínú. Ọmọ mi kì í ṣe epo. Ìbátan ìyá rẹ̀ ni ó wá mú un, ní ọ̀sán gangan. Gbogbo ilé ni ó sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀. Ìwé ìbí rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Kò gba inú igbó kọjá, kò sá fún aṣọ́bodè. Fàyàwọ́ kọ́.

A túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà: bẹ́ẹ̀ kọ́ sí àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ sí èkejì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ti sọ ọ́. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ìka yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó gbé ti ògiri náà, kò sì sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A padà sílé, inú wa dùn.

Bàbá náà kò parọ́. Èyí ni ó bà wá nínú jẹ́ nígbẹ̀yìn. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: fi, àyà, wọ́. Ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ bí ejò, kí ojú aṣọ́bodè má baà tó o, ni a sọ lórúkọ. Ààlà ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Bí ààlà kò bá sí, aṣọ́bodè kò sí. Bí aṣọ́bodè kò bá sí, kí ni ènìyàn ń fi àyà wọ́lẹ̀ fún? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò lè jáde lẹ́nu kí òórùn epo ọkọ̀ má tẹ̀lé e, epo Nàìjíríà tó ń gba Bénin wọlé tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Owó ìjọba ni ẹni tó ṣe é jẹ. Ẹrù fúnra rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Nítorí náà ni bàbá ṣe dá wa lóhùn pé ọmọ òun kì í ṣe epo. Ó mọ Yorùbá jù wá lọ lọ́jọ́ náà.

Smuggling bá fàyàwọ́ mu. Trafficking kò bá a mu, kò sì sún mọ́ ọn tó bí a ti rò. A kò lọ wo ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ àfi lẹ́yìn oṣù púpọ̀, nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lomé fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2000, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ìwà ọ̀daràn tó ń ré ààlà kọjá. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣí i fún ìbuwọ́lù ní ìlú Palermo ní Ítálì. Àfikún kan wà lára rẹ̀ fún trafficking, òmíràn wà fún smuggling. Àwọn amòfin kì í fi takọ-tabo kọ ìwé méjì fún ohun kan ṣoṣo.

Gẹ́gẹ́ bí àfikún ti smuggling ti wí, onífàyàwọ́ ni ẹni tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí owó tàbí èrè mìíràn, láti wọ ilẹ̀ tí onítọ̀hún kì í ṣe ọmọ rẹ̀ láìtẹ̀lé òfin ilẹ̀ náà. Ààlà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èrò fẹ́ lọ, ó wá onímọ̀ ọ̀nà, wọ́n ná owó. Bí ó bá ti dé òdìkejì tó sì ti san owó, ó di kí olúkúlùkù máa lọ. Onífàyàwọ́ kò ní iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìjọba tó ni ààlà ni a ṣẹ̀. Kì í ṣe pé èrò kì í jìyà lọ́nà, ìyà ńlá sì ni nígbà mìíràn, nínú aṣálẹ̀ àti lórí omi. Ṣùgbọ́n ìyà náà kọ́ ni òfin fi dá orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Àfikún kejì ń bèèrè ohun mẹ́ta. Ó bèèrè ohun tí a ṣe: ṣé a wá ènìyàn náà rí, ṣé a gbé e, ṣé a fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣé a gbà á sílé? Ó bèèrè ọgbọ́n tí a dá: agbára, ìdẹ́rùbà, ẹ̀tàn, tàbí pé a rí i pé kò ní olùgbèjà a sì gun un lẹ́yìn. Ó wá bèèrè ohun tí a fẹ́ fi í ṣe: bóyá kí a lè máa jẹ lára rẹ̀ ni, nípa iṣẹ́ àfipáṣe, nípa aṣẹ́wó, nípa oko ẹrú. Kò bèèrè ààlà. Wọ́n lè fi ọmọ Koussountou ṣòwò ní Sokodé, kí ó má fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní Tógò láéláé. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àfikún náà fo ìbéèrè kejì pátápátá: bí a bá ti gbé e, tí èrò ọkàn ẹni tó gbé e sì jẹ́ láti lò ó nílòkulò, ẹ̀ṣẹ̀ ti pé, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rín àti ẹran adìyẹ gbé e.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń rò pé ó jẹ́ ti ojú ọ̀nà ṣe wá jẹ́ pé ibi tí a sọ ẹrù kalẹ̀ sí ni ó ń wò? A kò mọ èsì kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ju pé òwò ni ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́, kí ó tó di ti ọkọ̀ tó ń tò lọ tó ń tò bọ̀. Òwò kì í parí níbi tí a ti sọ ẹrù. Ibẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wo ohun tí bàbá náà sọ fún wa. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti buwọ́ lu àdéhùn lílọ bíbọ̀ ní Dakar, ọmọ ilẹ̀ kan nínú wọn tó ní ìwé ìrìnnà lè wọ ilẹ̀ èkejì kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Láti Tchamba dé oko kan ní Nàìjíríà, ìlú mẹ́ta tó wà nínú àjọ kan náà ni à ń gbà. Ènìyàn lè là á kọjá ní gbangba, kí ó kí gbogbo aṣọ́bodè, kí wọ́n sì kí i padà. Bí a bá ń wá fàyàwọ́ níbẹ̀ títí di ọ̀la, a kò ní rí i. Ohun tó yẹ kí a bèèrè wà ní ìparí ọ̀nà, nínú oko, ní alẹ́, nígbà tí a bá ń ka owó.

Faransé kò sì ràn wá lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kà wá ní èdè méjèèjì dárí jì wá. Nínú ìwé Faransé ti àdéhùn náà, trafficking ni « traite des personnes », smuggling sì ni « trafic illicite de migrants ». Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ létí ni ó fò lọ bá èkejì rẹ̀. Ọmọ wa tó bá rí trafficking tó sì kọ « trafic » sí i, bí ìwé atúmọ̀ wa ti ní kí ó ṣe, ti gbé ẹni tí wọ́n fi ṣòwò sínú àga ẹni tó wá ọ̀nà wọ ìlú onílùú. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti máàkì: ẹni tí a fi ṣòwò ni òfin ní kí a dáàbò bò, ẹni tó wọlé láìtọ́ ni wọ́n máa ń dá padà.

Ìtùnú kékeré kan wà fún wa, bí ìtùnú ni. Òfin Tógò ti ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2005, èyí tí a ṣe láti dá àwọn tó ń kó ọmọ lọ dúró, « trafic d'enfants » ni ó pe ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ìwé òfin ìjìyà ti ọdún 2015 ni ó wá pè é ní « traite ». Nítorí náà a kò dá nìkan ṣìnà. Lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọgbọ́n, a kọ « traite » sínú ìwé kan tí wọ́n ní kí a bá wọn túmọ̀, akọ̀wé kan sì dá a padà fún wa pé níbí o, « trafic » ni a mọ̀. A bá a jà díẹ̀. Òun ni ó borí.

Àwa tí a wá láti agbègbè yìí kò sì yẹ kí « traite » ṣàjèjì sí wa. Ní etí òkun Tógò, láàárín àwọn Ewé àti àwọn Mina, vodun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tchamba. Àwọn ìdílé tó ń bọ ọ́ ni ìdílé tí àwọn baba ńlá wọn ra ènìyàn láti ìhà àríwá, tí wọ́n fi àwọn kan nínú wọn ṣe aya, tí wọ́n bí ọmọ pẹ̀lú wọn. Àwọn tí a rà náà ni wọ́n ń rántí, tí wọ́n sì ń tù lójú. Orúkọ ìlú tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ìdánwò di orúkọ ẹrú ní ibi tí òkun wà. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí ní Lomé, lẹ́nu ẹni tí a jọ ń kàwé, a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ojú ń tì wá, a kò sì mọ ẹni tí ojú ń tì wá fún.

Ìbéèrè tó kù ni ti ọ̀rọ̀ tí à bá lò lọ́jọ́ náà dípò fàyàwọ́. A wá a fún ìgbà pípẹ́. « Jíjí ọmọ gbé » kò tọ́, nítorí kò sí ẹni tó jí i. « Kó lẹ́rú » ń mú ogun àti ẹṣin wá sí ọkàn, bàbá náà ì bá sì tún dá wa lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹ̀lú òtítọ́. Ní Nàìjíríà a ti gbọ́ « fífi ènìyàn ṣòwò ẹrú », ó dára, ṣùgbọ́n kò sí bàbá kan tí yóò gbà pé òun jókòó wo ẹni tó fi ọmọ òun ṣòwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ tó bá le jù, ènìyàn kì í rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọlẹ̀ tó sì mú. Wọ́n ní gbàtọ́: a fi ọmọ fún ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ kí ó tọ́ ọ, ó ń ṣiṣẹ́ ilé níbẹ̀, ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń kọ́ ìwà àti iṣẹ́ ọwọ́, a sì lè lọ wò ó nígbàkígbà. Ní Bénin, àwọn Fọn ń pe irú ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ ní vidomègon, a sì mọ ohun tí ìgbà ti sọ orúkọ rere yìí dà ní àwọn ìlú ńlá. Wọ́n tún ní ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó títí owó yóò fi pé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, fi ara balẹ̀ ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú: ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, kò pàdánù òmìnira rẹ̀; ó lè máa gbé ilé tirẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ ní ìwọ̀n ni, bí ó bá sì ti parí rẹ̀, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. A kò sọ pé ìwọ̀fà dára. A sọ pé ó ní òṣùwọ̀n.

Ọdún kejì ni a tó lò wọ́n. Ìbátan ìyá náà tún ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, pé àbúrò ọmọ náà ti tó ọmọ tó lè bá òun lọ. Ẹ rántí pé ìwé ti kọ « bẹ́ẹ̀ kọ́ » sí ààyè méjèèjì. Kò sí ẹni tó ní ohunkóhun sí ọkùnrin náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá náà wá bá wa nílé. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti iṣẹ́, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tó gbé e wá.

— Olùkọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí lọ́jọ́ tí ọmọ dé yẹn, kí ni ẹ fẹ́ bi mí gan-an?

A sọ fún un pé a ṣì í bi. A bi í ní èyí tó yẹ: ọmọ yín tó lọ, ṣé gbàtọ́ ni ẹ fi í ṣe ni, àbí ìwọ̀fà? Bí ó bá jẹ́ gbàtọ́, kí ni wọ́n kọ́ ọ? Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀fà, owó èló ni ẹ yá?

Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní òun kò yá owó kankan. Ó ní ọmọ náà kọ ebè iṣu, ó ro oko àgbàdo, láti kùtù di ìgbà tí ojú kò ríran mọ́, ní oko ẹni tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Pé olóko san owó fún ìbátan náà, iye tí òun kò mọ̀. Pé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kan lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kí ó máa gùn ún lọ sílé.

— Ìwọ̀fà tilẹ̀ mọ iye owó tí òun ń sìn, ni ó wí.

Kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo. Àjọ Human Rights Watch tẹ ìwé kan jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2003 lórí àwọn ọmọ Tógò tí a ń kó lọ báyìí. Kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà tí wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ san owó fún wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú, ọkọ̀ ojú omi Etireno ti gba Cotonou lọ pẹ̀lú àwọn ọmọdé, wọ́n kọ̀ ọ́ ní Gabon, ó sì ní láti padà sí Cotonou lójú gbogbo ayé. Àwọn tí à ń kọ́ lónìí kò tíì délé ayé nígbà náà. Ìlú mẹ́sàn-án ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Tógò, Bénin àti Nàìjíríà nínú wọn, buwọ́ lu àdéhùn ní Abidjan ní oṣù keje ọdún 2005 láti fòpin sí i. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń bọ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, nítorí ó bá wa jiyàn. A ti ń ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé òfin kò ka ìfẹ́ inú ọmọdé sí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ni ó bá sọ láti ẹnu ọ̀nà pé: « Olùkọ́, ẹ má bínú, èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ ní kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó fà mí. » Òótọ́ ni. A kò ní èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. A sọ fún un pé ohun tó fẹ́ yẹn ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n sì fi dì í mú. Ó ní bí ó bá wà ní Koussountou, ta ni ì bá ra kẹ̀kẹ́ fún òun? Títí di òní, nígbà tí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, a kì í fo ìbéèrè rẹ̀ yẹn, a kì í sì díbọ́n pé a ti dáhùn rẹ̀.

Bàbá ní kí a bá òun kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ ní èdè wa, kí òun lè mú ọmọ kan kà á fún àlejò nígbà tó bá dé. A kọ ọ́ sórí ìwé ìjánu kan: iṣẹ́ wo ni, oko ta ni, èló ni, ọwọ́ ta ni owó náà yóò bọ́ sí, ọjọ́ wo ni yóò padà, ta ni yóò lọ wò ó láàárín kan. A kò kọ trafficking, a kò kọ « traite ». Ó ká a, ó fi í sínú fìlà rẹ̀.

Ọkùnrin náà wá ní ọjọ́ ọjà. Wọ́n bu omi fún un, ó mu. Ọmọ tó lọ sí Nàìjíríà ni wọ́n ní kí ó ka ìwé náà, ó sì kà á dé ìlà kẹrin kí àlejò tó dìde. Ó ní wọ́n ti bú òun, pé olùkọ́ kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, pé òun mọ̀ ọ́n. Ó lọ láìmú ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé ìyá kò ti wá kí wọn ní ọdún mọ́, ìyá àwọn ọmọ náà kì í sì í bá wa sọ̀rọ̀ tó ju « ẹ kú àárọ̀ » lọ.

Àbúrò náà wà ní kíláàsì sixième báyìí. Ẹ̀gbọ́n kò padà sí ilé ìwé. Ó ní òun ti dàgbà ju àga wọn lọ, ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́bàá ọ̀nà Tchamba. Ní òwúrọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbé àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà wá sí ilé ìwé, ó ti pààrọ̀ ṣéènì rẹ̀, ó sì ti kùn ún ní àwọ̀ búlúù.